Ọjọ́ Tí Mo Ní Ọkọ Mi Kọ́ Mi Ní Kàrátè

Àlébù mi kò ju ẹyọ kan lọ, abẹ́ imú mi ló sì wà. Ẹnu mi ni. Ó máa ń jáde nílé kí n tó jí. Àwọn àgbà ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi ò dákẹ́ rí, tara mi náà ò sì dákẹ́: ó ń pariwo tẹ̀ lé mi káàkiri Sango títí dòní.

Abọ́ ike ni mò ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó lọ sí Ijoko. Kì í ṣe abọ́ gidi o. Èyí tí iléeṣẹ́ bá ṣe tó wọ́, tí wọn ò lè gbé lọ sí Èkó, òun ni mo máa ń kó. Bí oníbàárà bá ní, "Ìyá Naimat, garawa yìí tẹ̀," màá ní, "Ìwọ náà tẹ̀, ṣebí ọkọ rẹ gbé ọ bẹ́ẹ̀." Bí mo ṣe ń tajà nìyẹn. Wọ́n á bú mi, wọ́n á rà á.

Rauf ọkọ mi ti kú láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi dúró nídìí ẹ̀rọ kan ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ìṣó. Ọjọ́ kẹta tá a sin ín, ẹlòmíì ti dúró síbẹ̀. Kò kọ́lé. Kò joyè. Ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀ láyé ni kàrátè tó máa ń lọ ṣe ní Joju lọ́jọ́ Sátidé. Bó bá dé, á máa ka àwọn ọ̀gá rẹ̀ fún mi bí ẹni ń ki oríkì: Mátsúmúrà ará Òkìnáwà kọ́ Ìtósù, Ìtósù kọ́ Fúnákóṣì, Fúnákóṣì gbé e dé Tókíò, àwọn ọmọ ẹ̀yìn gbé e káàkiri ayé títí ó fi balẹ̀ sí Sango.

Èmi á ní, "Mátsúmúrà yìí, ṣé òun ló máa bá mi lọ ata?"

Rauf á rẹ́rìn-ín. Kì í bínú, ọkọ mi yẹn. Àìbínú rẹ̀ gan-an ló bà mí lẹ́nu jẹ́.

Lọ́jọ́ kan báyìí, Ṣótúndé yà sí ìsọ̀ mi láti ra garawa. Òun ni sẹ́nséì wọn báyìí, ìyẹn olùkọ́ gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ kò tíì pé ogójì ọdún. Ó ní àwọn fẹ́ gbé fọ́tò àwọn ọ̀gá kọ́ ara ògiri, láti orí Mátsúmúrà títí dé orí olóògbé tó kọ́ òun. Ó ní Alàgbà Adérẹ̀mí, tó dàgbà jù nínú wọn, ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta wá ṣí i ní Sátidé.

Mo ní, "Ti ọkọ mi ńkọ́?"

Ó fọwọ́ ha orí. "Ẹ̀gbọ́n Rauf dáa, mà. Bẹ́líìtì búráùn ni wọ́n dé kí ọlọ́jọ́ tó dé. Àmọ́ ẹni tó bá kọ́ èèyàn la máa ń gbé kọ́ ògiri. Ọ̀rọ̀ ìran ni. Ẹni tí kò bá kọ́ ẹnikẹ́ni, ìran rẹ̀ tán síbẹ̀."

Tán síbẹ̀! Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára bí ìṣó tí Rauf fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe.

"Ta ló sọ fún ẹ pé kò kọ́ èèyàn?"

"Ta ni wọ́n kọ́, mà?"

Ẹ gbọ́, n kò rò ó. Bí Ọlọ́run ti ń gbọ́ mi yìí, n kò rò ó rárá. Ẹnu mi ti síwájú.

"Èmi!"

Toyibat tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí bàtà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyá Naimat! Ìwọ tó o máa ń ka kálímà kó o tó gun ọ̀kadà?"

"Pa ẹnu ẹ dé! Ilé alágbẹ̀dẹ ni mo gbé, ṣé mi ò ní mọ òòlù dì mú ni?"

Ọmọ tá a kọ́ dáadáa ni Ṣótúndé. Kò ní irọ́ ni mò ń pa. Ó kàn ní, "Ó dáa, mà. Ẹ wá fi ohun tí wọ́n kọ́ yín hàn wá ní Sátidé, lójú Alàgbà. Kátà kan ṣoṣo ti tó." Kátà ni ìgbésẹ̀ tí wọ́n máa ń tò tẹ̀ léra wọn, bí ẹni ń bá afẹ́fẹ́ jà. Bí mo bá ṣe é, fọ́tò Rauf á gun ògiri. Bí n kò bá ṣe é, ó tán síbẹ̀.

Ẹ má rò pé ẹ̀rù bà mí. Ṣebí ojoojúmọ́ ni Rauf ń ṣe kátà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, tí èmi ń fọ abọ́, tí mò ń wò ó? Mo rántí ẹ̀ kedere: gbésẹ̀, kan ẹ̀ṣẹ́, gbésẹ̀, kan ẹ̀ṣẹ́, lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kẹta, ìgbọ̀nwọ́ òsì á wọ ìbàdí pẹ́kẹ́, ìdí á mì lẹ́ẹ̀kan, ojú á le koko, á wá yí padà. Ìgbọ̀nwọ́ àti ìdí yẹn gan-an ló wù mí jù. Mo ní àṣírí nìyí! Ibi tí agbára Mátsúmúrà sá pamọ́ sí nìyí!

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń gbé ẹsẹ̀ láàárín garawa. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ orúnkún mi kúrò láyè ẹ̀.

Sátidé dé. Mo wọ ẹ̀wù funfun Rauf lé síkẹ́ẹ̀tì, mo gbé híjáàbù lé e, mo gba bẹ́líìtì búráùn rẹ̀ mọ́ra. Ta ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dì í? Mo dì í bí mo ṣe ń di nǹkan gígùn láti ọjọ́ tí mo ti bí Naimat: mo gbà á sí òkè àyà, mo fà á le, mo ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ apá.

Ọmọge kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò mí lẹ́yìn, ó tún wò mí níwájú. "Ẹ káàsán, mà. Ọmọ dà?"

Ọ̀já ọmọ ni mo fi bẹ́líìtì ọkọ mi ṣe! Toyibat, tó ti ìsọ̀ pa nítorí pé kò fẹ́ kí wọ́n ròyìn ẹ̀ fún òun lẹ́yìn, ti jókòó síwájú pátápátá.

Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri níbẹ̀ pé kàrátè, ìkíni la fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ìkíni la fi ń parí ẹ̀. Ṣótúndé bá tẹrí ba fún mi. Mo wò ó pé olùkọ́ ni, pé ipò ni mo sì wá tọrọ, mo kúnlẹ̀. Bó ṣe rí i pé ẹni tó tó ìyá òun kúnlẹ̀ fún òun, ẹ̀rù bà á, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Olùkọ́ wà nílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ wo ló máa dúró? Ọgbọ̀n èèyàn wó lulẹ̀ gbì!

Òfin wọn ni pé èèyàn kì í dìde kí sẹ́nséì tó dìde. Òfin ilé wa sì ni pé ọmọ kì í dìde kí àgbà tó dá a lóhùn.

"Ẹ dìde, mà."

"Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ dìde, sẹ́nséì."

"Kò jẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀, mà."

"Èmi náà ò lè dán an wò."

Toyibat ké sí wa pé, "Ṣé ìrun lẹ̀ ń kí ni?"

Alàgbà Adérẹ̀mí fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. "Ó tó! Ṣé Mátsúmúrà ló ní kí ẹ sùn?"

Gbogbo wọn dìde. Orúnkún tèmi kọ̀. Ọmọge méjì ló gbé mi nàró, bí ẹní gbé àpò sìmẹ́ńtì.

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo gbésẹ̀, mo kan ẹ̀ṣẹ́, mo ké "Háà!" Apá ẹ̀wù Rauf gùn, ó bo ọwọ́ mi, afẹ́fẹ́ tí mò ń lù ò tilẹ̀ mọ̀ pé mo dé. Mo gbésẹ̀ kejì. Mo gbésẹ̀ kẹta. Mo wá fi gbogbo ọkàn ti ìgbọ̀nwọ́ òsì bọ ìbàdí pẹ́kẹ́, mo mi ìdí, mo le ojú koko.

Gbogbo ilé ranjú mọ́ mi. Mo ní wọ́n ti rí nǹkan. Mo tún un ṣe. Mo bojú wo Alàgbà Adérẹ̀mí: omi ń bọ́ lójú bàbá, èjìká wọn ń gbọ̀n. Wọ́n rántí ọkọ mi! Ni èmi náà bá bú sẹ́kún.

Ẹ̀rín ni bàbá ń rín.

Nígbà tí wọ́n mí tán, wọ́n ní, "Ìyàwó wa, èyí ò sí nínú ti Mátsúmúrà. Kò sí nínú ti Ìtósù. Fúnákóṣì ò gbọ́ ọ rí. Ṣòkòtò Rauf nìyẹn! Ṣòkòtò rẹ̀ tóbi, okùn rẹ̀ kì í dúró. Bó bá ti gbésẹ̀ mẹ́ta, ó ń já bọ́ nìyẹn. Bí kò ṣe lè tú ẹ̀ṣẹ́ ká láti fọwọ́ fà á, ìgbọ̀nwọ́ ló máa ń fi tì í sókè."

Ẹ wo ilé bó ṣe dà rú! Toyibat ti wà lórí ẹní, ó ń yí gbiri. Mo wá ibi tí ilẹ̀ ti là, kò là. Ọjọ́ mẹ́ta! Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa ṣòkòtò tí n kò wọ̀ sókè! Mo ti ń tú bẹ́líìtì kí n máa lọ, nígbà tí mo rí i pé ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín.

Ṣótúndé ni. Ojú rẹ̀ ti yí padà.

Alàgbà náà rí i. "Ṣótúndé. Ṣe kátà tìẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Mo ní kó o ṣe é."

Ó gbésẹ̀ kan, ó kan ẹ̀ṣẹ́. Ó gbé èkejì. Ó gbé ẹ̀kẹta, ìgbọ̀nwọ́ òsì wọ ìbàdí pẹ́kẹ́! Ìdí mì!

"Gbogbo kíláàsì!"

Ọgbọ̀n èèyàn gbésẹ̀. Ọgbọ̀n ìgbọ̀nwọ́ wọ ọgbọ̀n ìbàdí. Ọgbọ̀n ìdí mì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣótúndé dorí kodò. "Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, sà, mi ò mọ ọwọ́ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún. Ẹ̀yìn Ẹ̀gbọ́n Rauf ni mo máa ń dúró sí. Ohun tí wọ́n bá ṣe ni mo ń ṣe. Mo rò pé ẹni tó bá dì wá mú látẹ̀yìn la fi ń lù. Ọdún méjìlá ni mo ti ń fi kọ́ wọn."

Alàgbà Adérẹ̀mí jókòó. Wọ́n sọ ọ́ bí adájọ́: "Ó kọ́ ẹ, o kọ́ wọn. Rauf ní ìran. Ẹ gbé fọ́tò rẹ̀ wá."

Mo yọ ọ́ nínú báàgì mi, wọ́n gbé Rauf kọ́ ògiri, ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Mo dúró níwájú rẹ̀, àyà mi wú, mo ní kí Toyibat wá wò ó dáadáa. Ẹnu mi sì ti ń múra láti ròyìn ara mi nígbà tí Alàgbà Adérẹ̀mí mi orí.

"Ẹni tó rán ṣòkòtò yẹn ló ṣe Rauf níkà. Gbogbo Sátidé la máa ń bi í pé, 'Ta ni télọ̀ burúkú yìí?' Kò dárúkọ ẹni yẹn fún wa títí tó fi kú."

Ooru mú mi. Àpò fúláwà méjì ni mo tú. N kò wọn ọkọ mi kí n tó gé ṣòkòtò náà. Mo fojú díwọ̀n rẹ̀ láti ìdí ìkòkò ọbẹ̀, ọwọ́ mi yìí ni mo sì fi rán an. Nígbà tó wọ̀ ọ́, ó ní ó bá òun mu rẹ́gí.

Bàbá na ọwọ́ sókè. "Olúwa á dá télọ̀ yẹn lẹ́jọ́!"

Gbogbo ilé ní, "Àmín!"

Tèmi ló ròkè jù.