Etí Àgùntàn Tó Wà Lára Aṣọ Hápù Morfudd

Ẹ bá mi kí Morfudd Prydderch. Ẹ kí i dáadáa, torí bí ẹ kò bá kí i, yóò kí ara rẹ̀. Atahápù-bí-ẹni-ń-pa-eṣinṣin! Arẹ́rìn-ín-kìkì-níwájú-ayàwòrán! Òun ló gbé pátákó sẹ́nu ọ̀nà ilé àlejò rẹ̀ ní Cwm-brith, tó kọ "Ilé Olórin" sí i, tó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí àwọn tí kò bá rí ti àkọ́kọ́.

Cwm-brith ni wọ́n bí i sí, láàárín àwọn òkè Wales níbi tí àgùntàn ti pọ̀ ju ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ gbé e lọ sí England, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún kó tó padà wá. Ó gbé hápù ńlá dé, ìyẹn dùùrù olókùn tí wọ́n ń fi ìka ta, ó wa mọ́tò ńlá dé, ó sì kó ẹnu tó tóbi ju méjèèjì lọ wọ̀lú.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìwé do-re-mi ni gbogbo wa fi ń kọrin, èyí tó jẹ́ lẹ́tà lásán, d fún do, m fún mi, pẹ̀lú àmì tó-tó láàárín wọn. Òun ni àwọn baba wa fi kọ́ wa. Nígbà tí wọ́n nawọ́ ẹ̀dà kan sí Morfudd, ó fi ìka méjì gbé e bí ẹni tó gbé òkú eku.

"Do-re-mi? Ti àwọn darandaran nìyí. Ìwé onílà márùn-ún lèmi ń kà ní tèmi. Mi ò kọ́ eléyìí, mi ò sì ní kọ́ ọ."

Idwal, darandaran tó máa ń fi ohùn ìsàlẹ̀ gbé orin, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ìlà márùn-ún náà kúkú nìyẹn, ìwọ sì rèé tó ò ń kọrin síta gbogbo wọn."

Ní ọdún yẹn, àwọn ìgbìmọ̀ Eisteddfod, ìyẹn àjọ̀dún orin àti iṣẹ́ ọwọ́ ìlú wa, gbé ìdíje tuntun kan kalẹ̀. Wọ́n ń wá ẹni tó fẹ́ràn hápù tó sì fẹ́ràn abẹ́rẹ́. Kí onítọ̀hún fọwọ́ ara rẹ̀ rán aṣọ ìbora fún hápù, kó kó ọnà sí i, kó sì ta hápù lójú gbogbo ayé. Hápù Ifan tó wà nínú gbọ̀ngàn ìlú ni ẹ̀bùn: yóò gbé ilé ẹni tó bá borí fún ọdún kan gbáko.

Ifan, atahápù ìlú wa láyé àtijọ́, ti kú tipẹ́. Ọmọ rẹ̀, Màmá Gwladus, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ṣì ń gbé nínú oko Hafod Las lókè lọ́hùn-ún. Nígbà tí nǹkan le ni wọ́n ta hápù náà fún ìlú. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni Màmá Gwladus ń tọrọ: kí hápù bàbá òun sun inú ilé tí wọ́n ti kọ́kọ́ ta á, bó tilẹ̀ ṣe ọdún kan, kí òun tó kú.

Morfudd náà fẹ́ ẹ. Ojú fèrèsé ló fẹ́ gbé e sí, kí àwọn àlejò lè rí i láti ojú títì.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Morfudd kò mọ abẹ́rẹ́ í lò. Àwọn tìmùtìmù oníṣẹ́ ọnà tó kún pálọ̀ rẹ̀, tó máa ń nà sí àwọn àlejò pé "ọwọ́ mi rèé," ìlú ńlá ló ti rà wọ́n. Irọ́ náà ti wá pẹ́ débi pé ó ti di mọ̀lẹ́bí, kò sì ṣeé lé jáde mọ́.

Màmá Gwladus ní tirẹ̀ ti rán aṣọ rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ìgbà yìí ni ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń gba aṣọ ní gbọ̀ngàn, ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa ta hápù. Morfudd gun òkè lọ tòun ti mọ́tò rẹ̀.

"Màmá, ẹ ò gbọdọ̀ fi orúnkún yìí sọ̀kalẹ̀. Ẹ jẹ́ n bá yín gbé aṣọ náà lọ."

"Ọlọ́run á bù kún ọ, ọmọ mi. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi rán an o. Rọra mú un."

Nínú mọ́tò, Morfudd tú aṣọ náà wò, ẹnu rẹ̀ sì là. Aṣọ kìjìpá aláwọ̀ búlúù ni, ó rọ̀, ó wúwo. Àwọn lẹ́tà kéékèèké tò lọ gbọọrọ lára rẹ̀ ní òwú pupa àti òwú dúdú, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn. Ní ìsàlẹ̀, àgùntàn funfun kan dúró bíi pé ó fẹ́ ké.

Ẹ̀yin ará, ẹni tó ń ro ibi kì í pẹ́ rí i ṣe. Orúkọ àdàpè ni wọ́n fi ń díje níbẹ̀, kí adájọ́ má bàa ṣojúsàájú. Inú àpòòwé ni orúkọ gidi máa ń wà, wọ́n á fi pín-ìn-nì há a mọ́ iṣẹ́ náà. Morfudd yọ àpòòwé Màmá Gwladus, ó há tirẹ̀ mọ́ ọn. Orúkọ àdàpè tó fún ara rẹ̀ ni Ayaba Okùn Mẹ́tàdínláàádọ́ta.

Bó ti fẹ́ ká aṣọ náà, ó rí i pé etí òsì àgùntàn yẹn là sí méjì.

"Ojú ti bàjẹ́ fún ìyá yìí," ló wí. "Etí lásán, kò lè rán an tán." Ó wá abẹ́rẹ́, ó sì fi òwú nípọn-nípọn rán etí náà pa. Ó gún ara rẹ̀ níka lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó ṣe tán, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pátápátá. Ṣé òun náà ò ti fọwọ́ sí i ni? Iṣẹ́ òun náà kúkú ni.

Ó padà gun òkè lọ, ó fajú ro. "Màmá, ẹ má bínú. Wọ́n ní aṣọ yín pẹ́ dé. Wọn ò gbà á."

Màmá Gwladus bi í pé: "Aṣọ náà ńkọ́?"

"Wọ́n ní ó dọjọ́ Ajé kí wọ́n tó dá a padà. Ẹ jókòó sílé, ẹ sinmi."

Nígbà tí Sátidé pé, Morfudd yọ gbogbo ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀ kó tó kúrò nílé, kí hápù lè ráàyè sùn sí. Ẹ ò rí i pé ó nígbàgbọ́.

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Adájọ́ tí wọ́n pè láti ìlú mìíràn, Ọ̀gbẹ́ni Talfryn Pugh, tí kì í rẹ́rìn-ín kó tó mu tíì, gun orí pèpéle. Ó ní nínú aṣọ mẹ́fà tó wọlé, ọ̀kan ṣoṣo ló jẹ́ kí òun gbàgbé ebi. "Kí Ayaba Okùn Mẹ́tàdínláàádọ́ta dìde!"

Àṣà wa ni pé ẹni tí wọ́n bá pe orúkọ àdàpè rẹ̀ yóò dìde níbi tó bá jókòó sí. Morfudd dìde. Ó tún jókòó, ó tún dìde, nítorí àwọn tó wà lẹ́yìn.

Ó jókòó ti hápù, ó sì ta orin kan tó yára bí òjò orí páànù. Apá rẹ̀ ń fò sókè, orí rẹ̀ ń mì. Adájọ́ dúró kí ó tán.

"A gbọ́ yín, ìyáàfin. Àwọn tó wà lójú títì náà gbọ́. Aṣọ yìí ló jẹ mí lógún jù. Ẹ bá wa ṣàlàyé àwọn lẹ́tà yìí, kí gbogbo ilé lè gbádùn ọgbọ́n tó wà níbẹ̀."

Morfudd kò ronú ẹ̀ẹ̀mejì. "Lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn baba ńlá mi ni. *S* yìí, Siôn. *M*, Meurig. *D*, Dafydd."

"*S* kejì yìí ńkọ́?"

"Siôn mìíràn ni."

"Mo ka Siôn mọ́kànlá, ìyáàfin."

"Siôn pọ̀ nínú ìdílé wa."

"Àwọn àmì tó-tó tó wà láàárín wọn ńkọ́?"

Morfudd fi áńkáṣíìfù kan ojú. "Àwọn ọmọ tó kú ní kékeré nìyẹn."

Idwal na ọrùn, ó tẹjú mọ́ aṣọ náà, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí mì. Ó hùn ún jẹ́jẹ́: "Só, mí, só, dò..." Ìyàwó rẹ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tẹ́nọ̀ gbà á. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, igba ènìyàn ń kọ baba ńlá Morfudd ní ohùn mẹ́rin.

Ẹ wo Morfudd! Ó rò pé òun ni wọ́n ń kọrin yẹ́ sí. Ó tẹ orí ba, ó gbé ọwọ́ sáyà, ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀tún, ó rẹ́rìn-ín sí òsì.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ orin náà wọlé. Orin tí àwọn baba wa máa ń kọ lọ́jọ́ tí gbogbo oko bá péjọ rẹ́ irun àgùntàn ni, nígbà tí wọ́n bá ń ṣa àwọn tó ṣìnà padà fún olówó wọn:

*Àgùntàn ta ló wà lọ́gbà rẹ?*
*Wo etí rẹ̀, wo etí rẹ̀!*

Ẹ̀rín Morfudd dúró sójú rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò gbà lọ.

"Etí wo?" ni adájọ́ bi wọ́n.

"Gbogbo oko ló ní bó ṣe ń gé etí àgùntàn tirẹ̀," ni Idwal wí. Ó ti gun pèpéle, ó ti gbé gíláàsì sójú. "Ẹ wò ó, wọ́n ti rán eléyìí pa. Òwú yìí nípọn tó okùn bàtà."

"Ó ya ni!" Morfudd fò dìde. "Ó ya, èmi ni mo tún un ṣe!"

"Ó ya?" Adájọ́ yíjú sí i. "Lára aṣọ tí ẹ fọwọ́ ara yín rán? Ìyáàfin, ọnà yìí kò ya rárá. Wọ́n fara balẹ̀ rán etí náà bẹ́ẹ̀ ni."

Idwal gbé aṣọ náà sókè kí gbogbo ènìyàn rí i. "Etí òsì, ó là bí ìrù alápàáǹdẹ̀dẹ̀. Àgùntàn ta ni?"

"Hafod Las!" ni gbogbo ilé dáhùn.

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ẹnu ọ̀nà ni olóhun dúró sí, lórí ọ̀pá méjì. Obìnrin tó ń pín lẹ́tà káàkiri òkè ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé e wá.

"Wọ́n ní aṣọ mi pẹ́ dé," ni Màmá Gwladus wí. "Mo ní kò burú, ẹ jẹ́ n wá gbọ́ hápù bàbá mi nìkan. Àṣé aṣọ mi ti débí ṣáájú mi."

Wọ́n ṣínà fún un. Ó gbé hápù Ifan lé èjìká òsì, ó sì ta orin àgùntàn náà láì wo ibì kankan. Ìka rẹ̀ ti le, ó ṣi ohùn méjì ta. Àwọn ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ lásán fa àgùntàn jáde nínú yìnyín ń nu ojú.

Adájọ́ kò tilẹ̀ jókòó. "Hafod Las ló gbà á. Ta ló ní mọ́tò tó lè gbé hápù lọ sókè?"

Gbogbo ojú yí sí Morfudd. Òun nìkan ló ti yọ ìjókòó.

Wọ́n gbé hápù jáde, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀. Idwal fẹ́ da aṣọ bò ó, ṣùgbọ́n Màmá Gwladus gbé ọ̀pá kan sókè. "Ẹ dúró ná. Mi ò lè gbé aṣọ yìí wọlé báyìí."

Ó mú àlùmọ́gàjí kékeré jáde nínú àpò rẹ̀, ó nà án sí Morfudd níwájú gbogbo ìlú. Ayaba Okùn Mẹ́tàdínláàádọ́ta kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó ń tú òwú etí àgùntàn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, a sì dúró wò ó títí ó fi tú u tán. Màmá Gwladus ṣa àwọn òwú náà jọ, ó kó wọn lé e lọ́wọ́.

"Gbà, ọmọ mi. Ìyẹn nìkan ni tìrẹ níbẹ̀, èmi kì í gbé ohun olóhun lọ sílé."