Iye Omi Tó Yẹ Kí Àgbàlagbà Mu

Àìsàn ara ṣeé tọ́jú, ṣùgbọ́n ta ni yóò wo ẹni tí ìmọ̀ ń dà láàmú? Akọ̀wé kan ni mo ń wí, ẹni tí gbogbo ọ́fíìsì sọ ní Baba Olómi. Ike omi tó ń gbé kiri ga tó ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Bí orí bá ń fọ́ ọ, omi ni o kò mu tó. Bí àna rẹ kò bá gba tìẹ rò, omi náà ni.

Ilé iṣẹ́ rédíò kan ń wá ẹni tí yóò máa darí ètò ìlera. Baba Olómi fẹ́ iṣẹ́ náà ju orúkọ ara rẹ̀ lọ. Wọ́n ní kí ó wá dán an wò, kí ó sọ iye omi tó yẹ kí àgbàlagbà mu lójúmọ́. Ó mu ike kan nílé, ó mu òmíràn lọ́nà, ó sì gbé ẹ̀kẹta wọlé.

"Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù," ó wí sínú ẹ̀rọ. "Ẹni tó dà á síkùn ni yóò dàgbà!"

Bíríkìlà kan pè wọlé. "Ẹ̀gbọ́n, inú oòrùn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, abẹ́ fáànù nìyàwó mi ń jókòó sí. Ṣé bákan náà la ó ṣe máa mu ún ni?"

"Bákan náà! Garawa kan fún ọ, garawa kan fún un!"

Ó tún gbé ike sẹ́nu. Ibẹ̀ ni omi ti ní òun náà lọ́rọ̀ sọ.

Iná pupa ń tàn lókè ìlẹ̀kùn. Bí ó bá ti ń tàn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn. Baba Olómi gbé ẹsẹ̀ kan lé ekejì.

Obìnrin kan pè. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo gbọ́ pé kò sí òṣùwọ̀n kan tó bá gbogbo ènìyàn mu. Ara, iṣẹ́ àti ooru ló ń sọ ọ́."

"Òótọ́ ni."

"Ṣebí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní garawa ni?"

"Mo ti jáwọ́ ńbẹ̀. Ó dàbọ̀ mà."

Ọkùnrin kan tẹ̀ lé e. "Èmi kì í mumi rárá o. Ọtí ni tèmi."

"Ẹ máa mu ún lọ!"

Olóòtú ètò náà fi orin sí i, iná pupa kú. Kí olórin tó la ẹnu, Baba Olómi ti dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Wọn kò tíì fi àgádágodo ẹnu ọ̀nà náà hàn án ni. Àpò olóòtú ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé. Ó sáré padà, iná pupa ti tàn. Ó dúró lẹ́yìn gíláàsì, ó ń juwọ́, ó ń ta pọ́ńpọ́ń.

"Ẹ̀yin olùgbọ́ wa," ni olóòtú wí, "ẹ ò rí nǹkan! Inú àlejò wa dùn débi pé ó ń jó!"

Fóònù dún. Ohùn ìyá arúgbó kan ni.

"Ọmọ mi, ṣé ó fún orúnkún méjèèjì pọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó ń wòkè bí ẹni ń gbàdúrà?"

"Gan-an, mà!"

"Èmi ni mo bí i. Ijó kọ́ nìyẹn. Láti kékeré ló ti ń jó o, ṣòkòtò tútù ló sì máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ bá mi jẹ́ kó lọ tọ̀."

Gbogbo ìlú ló gbọ́. Wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ jáde fún un, ṣùgbọ́n ijó ti parí.

Ní ti ètò ìlera, wọ́n ti rí ẹni tó mọ ara ènìyàn dáadáa. Màmá ló ń darí rẹ̀ báyìí.