Aago Kan Ṣoṣo Inú Ẹ̀rọ Láníhùn

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹni aṣọ ìkélé pààlà fún kì í yí aago ilé? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń mi orí ni. Ẹ má ṣèyọnu, àwọn àgbà tó kọ́kọ́ pa á kò dàgbà púpọ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ṣì ń wọ ṣòkòtò jíǹsì. Ṣùgbọ́n ojú wọn ti rí nǹkan.

Ọkùnrin kan wà ní Òṣogbo, Láníhùn ni orúkọ rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ńlá kan tó ń kùn tọ̀sán-tòru bí ilé oyin, inú rẹ̀ ló sì ti ń fi àyè háyà fún àwọn tó ní iṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Níbẹ̀rẹ̀, olóòótọ́ ni. Bí ẹ bá gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀, odidi ilé ló ń kọ́ fún yín sínú ẹ̀rọ náà: ìpìlẹ̀ tiyín, òrùlé tiyín, aago tiyín. Irin inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń ṣọ́ ààlà, kò sí aládùúgbò tó lè yọjú wò yín. Àmọ́ odidi ilé máa ń gba àyè. Oníbàárà mélòó kan péré, ẹ̀rọ ti kún.

Ni Láníhùn bá ronú bí ọlọ́gbọ́n. Ó wó gbogbo ògiri, ó fi ìpìlẹ̀ kan àti òrùlé kan sílẹ̀ fún gbogbo wọn, ó wá ta aṣọ ìkélé sí àárín. Kọ̀ntéénà ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Nǹkan gidi ni o: ó fúyẹ́, ó yá, ó sì ń gba èrò. Kò sí ohun tó burú nínú aṣọ ìkélé, bí ẹni tó ń tà á bá ti sọ pé aṣọ ìkélé ni. Láníhùn ní ògiri búlọ́ọ̀kù ni.

Nígbà tí àwọn oníbàárà ń ráhùn pé àwọn ò lè yí aago mọ́, pé ṣé ilé àwọn kọ́ ni, ó fún olúkúlùkù ní àṣẹ lórí aago. Kò kàn rántí sọ fún wọn pé ọ̀kan ṣoṣo ni aago náà.

Irọ́ yìí ì bá má pa ẹnikẹ́ni lára, àfi pé Láníhùn ń wá ìyàwó. Ìyàwó àkọ́kọ́ ti di olóògbé, ó ti pẹ́, ọkàn rẹ̀ sì ti fà sí Màdáàmù Fádèyí, ọ̀gá ilé-ìwé. Obìnrin náà kò bá a ṣeré. Ó ní ilé-ìwé òun fẹ́ ṣe ìdánwò àṣewọlé lórí ẹ̀rọ rẹ̀ ní Sátidé, láti aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Bó bá lọ geere, kó mú àwọn ènìyàn rẹ̀ wá rí àwọn ènìyàn òun.

“Ṣé ògiri gidi ló wà láàárín èmi àtàwọn yòókù?” ló bi í.

“Màdáàmù mi, ọta ìbọn ò lè gbà á kọjá.”

Sátidé dé. Lẹ́yìn aṣọ ìkélé kejì ni Alàgbà Ọyáwálé wà, akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Aago mẹ́wàá ni ìpàdé wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ wá. Ìgbà tí ẹ̀rọ bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa ń wá kànrìnkàn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Alàgbà ti ń ti aago ara ògiri ilé rẹ̀ síwájú kí ìyàwó rẹ̀ lè tètè múra ṣọ́ọ̀ṣì. Ó rò ó pé ohun tó ran ìyàwó yóò ran ẹgbẹ́. Kò pẹ́ tí aago mẹ́jọ lù tó fi ti aago yàrá rẹ̀ inú ẹ̀rọ síwájú, ó di mẹ́wàá kọjá.

Ní ilé-ìwé, àwọn ọmọ ṣì ń tẹ orúkọ wọn nígbà tí ìdánwò kí wọn pé ó dàbọ̀, àkókò ti tán. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ gùn jù kò tíì dé ìdajì.

Lẹ́yìn aṣọ ìkélé kẹta, rédíò orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń gbé ìkéde rẹ̀ jáde bí aago bá ṣe wí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó wá sin Bàbá Àjíbóyè. Bàbá Àjíbóyè ṣì wà nínú pósí ní pálọ̀, aago mẹ́sàn-án ló ń retí.

Láníhùn sáré dá aago padà. Ìdánwò ṣí. Rédíò tún ń pe èrò síbi ìsìnkú. Alàgbà rí i pé aago mẹ́jọ ti padà dé, ó ní àwọn apẹ́lẹ́yìn inú ẹgbẹ́ ló ń bá òun jà, ó tún ti í síwájú. Ìdánwò pa. Rédíò dúpẹ́. Láníhùn dá a padà, Alàgbà ti í lọ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́ pé ìpàdé bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbọ́ pé ó tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbà pé wọ́n ti sún un síwájú, wọ́n padà sùn. Àkọ́bí olóògbé tẹ ilé rédíò láago, ó fi pẹ̀lẹ́tù béèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó gan-an ni àwọn máa sin bàbá yìí.

Ibẹ̀ ni Màdáàmù Fádèyí wọlé sí ọ́fíìsì Láníhùn. Kò pariwo. Ó fa àga, ó jókòó. Fóònù dún, Láníhùn sáré gbé e, ó sì ṣèèṣì tẹ ibi tí ohùn ń gbà jáde síta.

“Láníhùn, ta ló ń wọ yàrá mi?” Alàgbà nìyẹn.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi aago sílẹ̀.”

“Aago mi? Ìwọ lo ní ògiri búlọ́ọ̀kù ló yí mi ká. Bí mo bá yí aago nínú yàrá mi, kí ló kan ará ìta?”

Láníhùn nawọ́ láti pa fóònù.

“Ẹ dá bàbá lóhùn,” Màdáàmù wí.

“Ògiri náà wà. Ó kàn fẹ́lẹ́ díẹ̀ ni.”

“Fẹ́lẹ́ bí i kí ni?”

“Bí aṣọ.”

“Aṣọ wo?”

“Ti ojú fèrèsé.”

Alàgbà rọra pa fóònù rẹ̀. Láníhùn dọ̀bálẹ̀ fún Màdáàmù, ó ní òun máa kọ́ odidi ilé padà fún un, òun á gbé búlọ́ọ̀kù náà lórí bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ó wá béèrè bóyá àwọn ènìyàn òun ṣì lè wá rí àwọn ènìyàn rẹ̀.

Màdáàmù gbé báàgì rẹ̀. “Ẹ mú wọn wá. Aago mẹ́wàá.”

Ojú Láníhùn tàn. “Mẹ́wàá òwúrọ̀?”

“Mẹ́wàá tiyín tàbí mẹ́wàá Alàgbà, èyí tó bá wù yín. Kò séyìí tí ẹ máa bá mi nílé nínú méjèèjì.”

Wọ́n sin Bàbá Àjíbóyè lọ́jọ́ náà, ẹ̀ẹ̀kan péré, ó sì tó. Láníhùn ṣì ń dá sùn. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà tó ń wọ jíǹsì fi máa ń wo aago kí wọ́n tó wo ẹnu onílé, tí wọ́n á sì mi orí pé: ẹni aṣọ ìkélé pààlà fún kì í yí aago ilé.