Àgbò Tí Gbogbo Ìlú Dọ̀bálẹ̀ Fún

Bí àgbò bá ń lọ lójú ọ̀nà, tí ojú ọba sì wà lára rẹ̀, ta ni kí èèyàn kí: ṣé ọba ni àbí àgbò? Mo ti ro ó títí, mi ò tíì rí ìdáhùn. Mo bi ìyá ọkọ mi, ó ní kí n lọ fún ọmọ lọ́mú.

Ẹ má tíì dáhùn, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ná. Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà Òkè-Ọsàn fi máa ń wo ẹni tó ń ṣe aájò àṣejù, tí wọ́n á mi orí, tí wọ́n á ní, “Àdánjù ọkọ̀ ló sọ àgbò di Kábíyèsí”? Ẹ̀yin tí ọmọ sùn sí lẹ́yìn, ẹ rọra jókòó o. Bí ẹ bá rẹ́rìn-ín ju bó ṣe yẹ lọ, ọmọ á jí, ẹ ò sì ní í gbọ́ ìparí rẹ̀.

Awakọ̀ kan wà láàfin Òkè-Ọsàn, Lámbẹ́ lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń wa bọ́ọ̀sì tí àwọn ọmọ ìlú fi ta ọba lọ́rẹ. Bọ́ọ̀sì náà dúdú bíi kóró iṣin. Ara ilẹ̀kùn rẹ̀ ni wọ́n lẹ sítíkà ràgàjì kan mọ́: àwòrán Kábíyèsí, láti adé dé ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Ojú àwòrán yẹn kì í sùn. Bí o dúró lápá ọ̀tún, ó ń wò ọ́. Bí o sá sápá òsì, ó tún ń wò ọ́. Àgbàlagbà pàápàá á kọ́kọ́ ṣí fìlà kó tó kọjá.

Ọkùnrin tó lẹ sítíkà náà ti kìlọ̀ fún Lámbẹ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, omi, ọṣẹ díẹ̀, aṣọ rírọ̀, ó parí. Wáàsì tí ẹ fi ń kun ọkọ̀ kó lè máa dán, ẹ má fi kan sítíkà o. Ọ̀rá ni. Bó bá wọ abẹ́ rẹ̀, tí oòrùn pa á, á ṣí.”

Lámbẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, ọ̀rọ̀ náà ò dùn mọ́ ọn nínú. “Kí ara ọkọ̀ máa dán, kí ojú Kábíyèsí wá ṣú? Ta ló bí mi tí màá ṣe irú ẹ̀?”

Wàhálà míì sì wà nílẹ̀. Olóyè Jagun ti ń sọ fún ọba pé Lámbẹ́ ti darúgbó, pé àna òun kan wà tó mọ ọkọ̀ ọ́ tọ́jú jù ú lọ. Ni Kábíyèsí bá pe Lámbẹ́, ó ní, “Lọ́jọ́ ayẹyẹ ìrántí ìwúyè mi, n óò jáde wá wo ọkọ̀ yìí. Bó bá dán, kọ́kọ́rọ́ di tìrẹ títí ayé. Bí kò bá dán, fi lé Jagun lọ́wọ́.”

Ọkàn Lámbẹ́ ò balẹ̀ mọ́. Mi ò lè dá a lẹ́bi. Èmi tí mo máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan ọrùn ọmọ mi, tí mo tún máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, tí mo tún máa ń fi ètè kàn án, kí n tó gbà pé ara rẹ̀ ò gbóná, kí ni mo fẹ́ sọ?

Láràárọ̀, Lámbẹ́ á kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún ilẹ̀kùn ọkọ̀. Á ní, “Kábíyèsí, ẹ forí jì mí, mo fẹ́ nu imú yín.” Lẹ́yìn náà, á fi wáàsì kun adé, á fi kun irùngbọ̀n, á fi kun ihò etí. Kò jẹ́ fi àkísà nù ún. Ìborùn àrán ìyàwó rẹ̀ ló gé.

Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ figbe ta. “Bàbá Ṣíjú! Ẹni tó lẹ ẹ́ ní ẹ má fi wáàsì sí i!”

“Ìyá Ṣíjú, ṣé òun ló máa gbà mí lọ́wọ́ Jagun?”

“Ìborùn mi wá ńkọ́?”

“Ó ti joyè. Ojú ọba ló ń nù.”

Ẹ jẹ́ n sọ bí ọkọ̀ náà ṣe dán fún yín, ẹ má sì pè mí ní òpùrọ́. Eṣinṣin bà lé e, ó yọ̀, ó ṣubú. Àwọn obìnrin ń wé gèlè níwájú rẹ̀. Bí oòrùn bá ta sí i, ìmọ́lẹ̀ tó ta padà a máa mú èlùbọ́ tí wọ́n sá sí òdìkejì títì gbẹ. Bí òṣùpá bá yọ, méjì ni Òkè-Ọsàn ń rí, ọ̀kan lókè, ọ̀kan lórí bọ́ọ̀sì. Àwọn tó ń kọjá á rẹ ohùn sílẹ̀, bíi pé ẹnì kan ń sùn nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn.

Ọjọ́ ayẹyẹ pé. Oòrùn mú janjan. Lámbẹ́ gbé ọkọ̀ síwájú ààfin, ó tún fi wáàsì kun ojú Kábíyèsí lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ọkàn rẹ̀ ò gbà. Ló bá rí i tí etí sítíkà gbé sókè díẹ̀, bí ewé tó ń gbẹ. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Òdìkejì gbé sókè. Ó tẹ ìyẹn náà. Irùngbọ̀n ṣí.

“Kábíyèsí, ẹ dákun, ẹ dúró!”

Ibẹ̀ ló wà tí àgbò tí Jagun fà wá fún àsè fi já okùn. Àgbò wo ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó rí àgbò mìíràn níbẹ̀, oníwo ràbàtà, tó tẹjú mọ́ ọn. Ó fà sẹ́yìn. Onítọ̀hún náà fà sẹ́yìn. Ó ní kò burú. Ó sáré, ó lọ kàn án. Ìwo rẹ̀ yọ̀ bọ̀rọ́ lórí wáàsì, ó fi ẹ̀gbẹ́ lu ilẹ̀kùn, gbòà! Nígbà tó máa dìde, sítíkà ti ṣí kúrò, ó ti yí ẹ̀yìn padà, ó ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ojú Kábíyèsí wà níta, adé lókè, ìlẹ̀kẹ̀ nísàlẹ̀. Kò tiẹ̀ wọ́.

Àgbò kọrí sígboro. Lámbẹ́ gbá tẹ̀lé e, ó bá a, ó nawọ́ láti mú un. Ojú Kábíyèsí wò ó. Kó tó mọ̀, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àgbò kọjá lọ.

Ó dé ibi tí ìyá àgbà kan sá èlùbọ́ sí, ó ki ẹnu bọ̀ ọ́. Ìyá gbé igi sókè, ó rí ojú tó ń wò ó, igi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. “Kábíyèsí, gbígbẹ ni o. Ẹ jẹ́ n bu omi wá.”

Onígbàjámọ̀ kan ń fá orí fún ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ìdajì orí nílẹ̀ tí wọn ò tíì fá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ojú yẹn wà. Bí àgbò bá yí padà, ẹ̀gbẹ́ kejì á hàn, àgbò lásán ni. “Àgbò mà ni o! Ẹ mú un!” Gbogbo wọn á dìde, wọ́n á lé e. Àgbò á tún yí. “Kábíyèsí o! Kí adé pẹ́ lórí!” Gbogbo wọn á tún balẹ̀. Dìde, balẹ̀, dìde, balẹ̀, títí eruku fi bo àdúgbò. Ọkùnrin olórí ìdajì bú sẹ́kún. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó mú ọ̀kan!”

Báyìí ni àgbò ṣe wọ ààfin, níbi tí Kábíyèsí jókòó sí pẹ̀lú àwọn olóyè. Ẹ̀gbẹ́ ojú ọba ló kọ sí wọn. Jagun ló kọ́kọ́ balẹ̀, àwọn yòókù tẹ̀lé e. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù lórí ìjókòó. Ọba wo àgbò. Àgbò wo ọba. Ọba ara àgbò náà ń wo ọba.

“Lámbẹ́,” ọba sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, “ta nìyí?”

Lámbẹ́ fi àyà wọ́ wọlé. “Kábíyèsí, mi ò lè sọ pé ẹ̀yin ni. Mi ò sì láyà láti sọ pé ẹ̀yin kọ́.”

Jagun gbé orí díẹ̀. “Kábíyèsí, ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yẹn…”

“Jagun, àgbò tí o fà wá fúnra rẹ lo dọ̀bálẹ̀ fún. Dákẹ́ ná.”

Ọba jáde lọ wo ọkọ̀. Lámbẹ́ ti yọ kọ́kọ́rọ́ lápò. Ọba dúró níwájú ilẹ̀kùn tó ṣófo. Ẹ̀yin èèyàn mi, kò ṣófo! Níbi tí sítíkà ti ṣí gan-an, ojú ọba wà níbẹ̀, tadé tìlẹ̀kẹ̀, ó mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì ń ṣẹ́jú. Ọba gbé ọwọ́ sókè. Ti inú ilẹ̀kùn gbé ọwọ́ sókè. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo ìlú wà, kéékèèké, àti sánmà, àti àwọn igi ọsàn orí òkè.

“Lámbẹ́,” ọba ní, “èyí tó ń ṣẹ́jú yìí tẹ́ mi lọ́rùn ju tàtijọ́ lọ. Fi kọ́kọ́rọ́ rẹ sápò.”

Àgbò wá ńkọ́? Ta ló fẹ́ gbé ọ̀bẹ lé ọrùn ẹni tí ojú Kábíyèsí wà lára rẹ̀? Ẹja ni wọ́n fi jẹ àsè lọ́jọ́ náà. Àgbò di ará ààfin, ó ń jẹ eérí àgbàdo, ó ń sanra, kò sẹ́ni tó bá a wí. Ẹ ò wá rí i pé òótọ́ ni àwọn àgbà sọ: àdánjù ọkọ̀ ló sọ àgbò di Kábíyèsí.

Ibi tí mo máa ń parí rẹ̀ sí nìyẹn tẹ́lẹ̀. Kò tíì pẹ́ tí mo gbọ́ èyí tó kù, lẹ́nu ìyá àgbà kan tí a jọ ń jókòó ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà, tó jẹ́ ọmọ ààfin yẹn. Ó ní láràárọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Kábíyèsí fúnra rẹ̀ máa ń yọ́ jáde lọ sí ìdí èèkàn àgbò náà. Á wo ọ̀tún, á wo òsì, á tẹ orí ba díẹ̀, á ní, “Kábíyèsí, ẹ káàárọ̀ o.”