Alàgbà Oyèkànmí Fi Ìgbálẹ̀ Wọn Sáfà

Ta ló lè sọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, "Ẹyọ ìgbálẹ̀ mọ gígùn ẹsẹ̀, kò mọ ìwà bàtà"? Ẹ̀yin tí ẹ ń mi orí bí alángbá yẹn, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ jókòó. Bàtà ni mò ń tà láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, mo mọ ohun tí ojú ìgbálẹ̀ ti rí.

Ní Òkè-Agbede, Alàgbà Oyèkànmí ló ni gbọ̀ngàn tí àwọn ọmọ ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò. Àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké wà lórí tábìlì, ìyá wọn tí wọ́n ń pè ní sáfà wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ọ̀dọ̀ ìyá yìí ni ìbéèrè ti ń jáde sí gbogbo wọn. Àfi bí àrá ṣe sán, tó jó káàdì tí sáfà fi ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyá yadi! Bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ Ajé ni obìnrin tó ń yẹ gbọ̀ngàn wò ń bọ̀. Tó bá bá a báyìí, Ìsàlẹ̀-Odò ni wọ́n máa gbé ìdánwò lọ, gbọ̀ngàn Alàgbà á wá di ilé ewúrẹ́.

Akínpẹ̀lú tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wo irú sáfà tí èyí jẹ́, ká mọ káàdì tó máa gbà, àti iná tó lè fún un."

"Ìwọ ọmọ yìí! Ọmọ mẹ́fà ni mo bí, ìgbálẹ̀ ni ìyá wọn fi ń wọn ẹsẹ̀ wọn lọ ra bàtà. Èwo ló yarọ nínú wọn?"

Ló bá fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, ó fi wọn ihò tí eyín káàdì ń wọ̀, ó ṣẹ́ ẹ níbi tó dé, ó tì í bọ inú fìlà rẹ̀, ó di Ìbàdàn.

Oníkáàdì bi í pé, "Bàbá, irú sáfà wo ni?"

"Dúdú ni."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Ṣé o fẹ́ wá jẹ ìkómọ rẹ̀ ni? Wá èyí tí eyín rẹ̀ bá ìgbálẹ̀ yìí dọ́gba!"

Mi ò bá oníkáàdì wí. Ta ló ń lé oníbàárà? Ó gbé káàdì sísanra kan jáde, fáànù méjì lórí. Inú Alàgbà dùn: "Ó dáa bẹ́ẹ̀, ooru pọ̀ nílùú wa."

Nígbà tó délé, káàdì wọ ihò, kọ́ọ́! Alàgbà jó. Wọ́n fẹ́ dé sáfà, kò dé: káàdì yọrí síta bí ẹni tó ń wo ìjà àdúgbò.

"Ẹ gbé ìdérí sọnù," Alàgbà ní, "atẹ́gùn ló fẹ́ gbà."

Wọ́n tan iná. Fáànù ké fùùù, sáfà kú. Wọ́n tún tàn án, ó tún kú.

"Ebi ló ń pa á!" Alàgbà bá lọ yá jẹnẹrétọ̀ ńlá lọ́wọ́ àwọn tó ń lọ ìrẹsì.

Akínpẹ̀lú ní, "Bàbá, àpótí tó ń pín iná nínú sáfà ló kéré. Bí ẹ gbé odò wá, ife kan náà lẹ ó fi bù ú."

"Panu mọ́, jàre."

Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Pàà! Èéfín sọ, yàrá ń rùn bí ẹ̀pà tó jóná. Àárín èéfín yìí ni obìnrin onídánwò wọlé bá wọn. Ó tẹjú mọ́ káàdì.

"Bàbá, ta ló ní kẹ́ ẹ ra èyí? Káàdì tó ń mú àwòrán dán nìyí, èyí táwọn ọmọ fi ń gbá bọ́ọ̀lù inú kọ̀ǹpútà. Ká ní ó tiẹ̀ ṣiṣẹ́, kò lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀."

Bí ìdánwò ṣe di ti Ìsàlẹ̀-Odò nìyẹn. Lọ́jọ́ ìdánwò, àwọn ọmọ ń fi ọ̀kadà kọjá níwájú ilé Alàgbà, wọ́n ń juwọ́: "Bàbá, ẹ kú ìwọ̀n o! Ẹ kú ìgbálẹ̀!"

Alàgbà kọjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ìwọ lo kó bá mi. Ṣebí ìgbálẹ̀ lo fi ń ra bàtà àwọn ọmọ?"

"Mo ń fi rà á. Ṣé ẹ bi mí rí ìdí tí mo fi ń gbé bàtà padà sọ́jà lọ́jọ́ kejì?"

Nítorí náà, ẹ̀yin oníbàárà mi, ẹsẹ̀ ọmọ ni kẹ́ ẹ máa mú wá. Ẹyọ ìgbálẹ̀ mọ gígùn ẹsẹ̀, kò mọ ìwà bàtà.