Àtẹ́wọ́ Ìyá Ṣégilọlá

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà? Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá sọ ìdí mìíràn fún yín, irọ́ ló pa.

Ní abúlé Òkè-Ìrorò, Títíṣà Ọláòṣebìkan ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ igi máńgòrò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ọ̀dùnkún rẹ̀. Àtẹ́wọ́ ni wọ́n fi ń pín ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́: ẹyọ kan, àtẹ́wọ́ kan, ibi tí ohùn bá ti wúwo, kí àtẹ́wọ́ dún gbàà. Kò sóhun tó burú níbẹ̀, àfi pé Ìyá Ṣégilọlá, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àtẹ́wọ́ náà ló fi ń pe ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ wá jẹun.

Lọ́jọ́ kan, alábẹ̀wò ẹ̀kọ́ dé. Ó ní ẹni tí òun bá nawọ́ sí, bí kò bá lè pín ọ̀rọ̀ gígùn, òun á ti kíláàsì náà pa. Ta ló wá nawọ́ sí? Ìyá Ṣégilọlá. Àánú títíṣà yẹn ṣì ń ṣe mí títí dòní.

"Màmá, ẹ pín yunifásítì fún mi."

"Yu," ni màmá wí, ó pàtẹ́wọ́. Imú ẹlẹ́dẹ̀ yọ láàárín igi ọgbà. Màmá rí i, ó dúró.

"Títíṣà, ẹ wo ẹ̀yìn yín."

Títíṣà wo ọ̀dùnkún, ó wo bírò lọ́wọ́ alábẹ̀wò. "Ẹ máa bá a lọ, Màmá."

"Ni." Etí wọlé. Orí "fá" ni ohùn ti wúwo, màmá kò sì fẹ́ já títíṣà kulẹ̀. Ó pa á gbàà. Ẹlẹ́dẹ̀ rò pé oúnjẹ ọdún ló dé, ó ti àyà bọnú ọgbà. "Sí." Ikùn wọlé. "Tì." Ìrù ló kù, òun náà wọlé.

Alábẹ̀wò yíjú, ó rí ẹlẹ́dẹ̀ tó ń hú ọ̀dùnkún. "Báwo ni odidi ẹlẹ́dẹ̀ ṣe wọlé tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀?"

"Ọ̀gá, a mọ̀," ni màmá wí. "Kò wọlé lódindi. Ọ̀nà márùn-ún ló pín ara rẹ̀ sí, orí 'fá' ló sì ti wúwo jù."

Alábẹ̀wò rẹ́rìn-ín títí bírò fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n yege. Inú títíṣà dùn gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ku ọ̀dùnkún kan.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dé, tó rí ọgbà, ó káwọ́ lérí. "Bàbá Ṣọpé, ṣé ojú yín náà ni ẹlẹ́dẹ̀ ṣe wọlé?"

Títíṣà mí kanlẹ̀. "Ìyá Ṣọpé, díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà."