Ìrì Dídì Tí Mo Ṣírò fún Àgọ́ Aláyè

Ọjọ́ Àìkú kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti sa gbogbo ipá mi láti gbàgbé rẹ̀. Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí àrùn náà ṣe wọ̀ mí lára.

Iṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ títúnṣe ni mò ń ṣe ní Ore. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oníbàárà ò yọjú, mo rí fídíò òyìnbó kan lórí fóònù mi. Ó dúró láàárín tòmátì, ó ní òun mọ ọjọ́ tí ìrì dídì tó ń pa ohun ọ̀gbìn máa ń bọ́ kẹ́yìn lágbègbè òun, ọjọ́ yẹn lòun sì fi ń ka ọ̀sẹ̀ kí òun tó gbin ohunkóhun. Ó fi kálẹ́ńdà rẹ̀ hàn, àmì pupa kún inú rẹ̀. Èmi tí mo rò pé àgbẹ̀ kàn ń wo ojú ọ̀run ni! Mo wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí n tó délé. Kí oṣù méjì tó pé, mo ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, ìwé ẹ̀rí nìkan ló kù.

Ilẹ̀ ló wá kù. Màámi, ìyá ìyàwó mi, tí wọ́n ń dá oko kòkó ní Àgọ́ Aláyè, fún mi ní ẹ̀yìnkùlé wọn, ṣùgbọ́n wọ́n fi àdéhùn kan tì í.

"Ọkọ Bísí, ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ mi nìyí o. Tí tòmátì yìí bá fi lè kú sí ọ lọ́wọ́, mo gba ilẹ̀ mi nìyẹn."

Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ìdí mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mo gbìn, ẹsẹ̀ bàtà méjì gééré láàárín ìkan sí ìkejì. Wọ́n dàgbà, wọ́n yọ òdòdó. Ìgbà náà ni ọyẹ́ dé.

Mo ra tẹmómítà, mo so ó mọ́ ọ̀pá láàárín tòmátì, mo sì wá sùn nílé Màámi nítorí rẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó jẹ́ mẹ́rìnlélógún. Ọjọ́rú, méjìlélógún. Ọjọ́bọ̀, ogún. Mo fi rúlà fa ìlà sínú ìwé: méjì méjì ló ń já lójúmọ́. Tó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ní ìdájí ọjọ́ Àìkú, á kan òdo, ibi tí omi ti ń dì. Ìrì dídì ń bọ̀ ní Àgọ́ Aláyè! Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí n kò wọ̀n ọ́n lọ títí di ọjọ́ náà. Ìlà náà tọ́ gbọnrangandan, kí ni mo tún fẹ́ máa wọ̀n? Mo padà sí Ore, orí mi wú.

Nírọ̀lẹ́ Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ òdo, mo gun ọ̀kadà padà wá. Màámi ti lọ sílé àdúrà. Òyìnbó mi ti ní aṣọ fífúyẹ́ ni kí a fi bo ohun ọ̀gbìn. Mo wá aṣọ títí, àfi èyí tó wà lórí okùn: aṣọ funfun ẹgbẹ́ akọrin, tí Màámi, ìyá ìjọ, ti fọ̀ sílẹ̀ de ìsìn ọjọ́ kejì. Mo kà á, mẹ́tàlélógún. Aṣọ kan, tòmátì méjì. Ó ṣe rẹ́gí! Mo ní màá ká wọn kí ẹnikẹ́ni tó jí.

Nígbà tí Màámi dé tí wọn ò rí aṣọ, wọ́n ní olórí akọrin ló ti wá kó wọn. Èmi ò dá sí i.

Oorun ló dà mí. Ohùn àdúrà ló jí mi, mo sáré jáde. Kùrukùru ọyẹ́ bo ẹ̀yìnkùlé, aṣọ funfun tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nínú rẹ̀ bí èèyàn mẹ́tàlélógún tó kúnlẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, Bàbá Sùnmọ́là, aládùúgbò tó ń lọ gé ẹyìn, ti bọ́ bàtà, wọ́n ti fi àdá sílẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀. Obìnrin méjì wà lẹ́yìn wọn.

"Bàbá, ẹ dìde, tòmátì ni!"

"Dákẹ́!" Wọn ò tilẹ̀ lajú. "Bọ́ bàtà rẹ, kí o kúnlẹ̀ níwájú àwọn áńgẹ́lì."

Mo kúnlẹ̀. Kí ni ǹ bá ṣe? Mo sáà fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo tẹmómítà. Mọ́kàndínlógún.

Ibẹ̀ ni olórí akọrin bá wa, ó ní òun wá kó aṣọ. Màámi jáde. Wọ́n fa aṣọ àkọ́kọ́ sókè, ẹ̀ka tòmátì bá a jáde, àbàwọ́n ewé sì ti sọ àyà aṣọ náà di aláwọ̀ ewé. Tínú bá ń bí Màámi, Ìkálẹ̀, èdè ìlú wọn, ni wọ́n ń sọ. Lọ́jọ́ yẹn, Yorùbá inú Bíbélì ni wọ́n sọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù.

"Ọkọ Bísí, ìgbà wo ni tòmátì wọ ẹgbẹ́ akọrin?"

"Ìrì dídì ni, mà. Mo ṣírò rẹ̀."

"Ìrì dídì. Ní Àgọ́ Aláyè."

"Ó yẹ kó ti kan òdo láàárọ̀ yìí, mà."

Bàbá Sùnmọ́là gbọn eruku orókún wọn. "Ta wá ni mo ti ń tọrọ ọmọ-ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀ láti ìdájí?"

Aṣọ ilé ni ẹgbẹ́ akọrin fi kọrin lọ́jọ́ náà. Èmi wà nídìí ọpọ́n, mò ń fọ aṣọ. Nígbà tí Màámi ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n ka àwọn tó ṣẹ́: mẹ́sàn-án. Mo ti ń wò ó pé igi ẹ̀gẹ́ ni wọ́n máa lọ gé bọ̀, kí wọ́n fi gba ilẹ̀ wọn padà.

"Kò kú," ni wọ́n sọ níkẹyìn. "Ìwọ lo ṣẹ́ ẹ lápá. Mẹ́tàdínlógójì ló kù, má jẹ̀ẹ́ kí ìkan dín. Níbí, òtútù kì í pa tòmátì. Òjò ló ń jẹ ẹ́ rà. Ọjọ́ tí òjò máa dáwọ́ dúró àti ọjọ́ tó máa padà dé, ìyẹn ni kí o máa kà."

Kò sí ìkankan tó dín. Láti ìgbà náà, tí òjò bá ti ń fúyẹ́ ni mo ti ń da irúgbìn, kí n lè ká a kí òjò tuntun tó le. Mo ti wá mọ̀ pé ẹni tó ti ń jí sórí ilẹ̀ kan láti kékeré ti wọ̀n ọ́n ju ẹni tó fi ìdájí mẹ́ta wọ̀n ọ́n lọ. Tí mo bá rántí, mo máa ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo máa ń kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn bóyá Màámi wà nítòsí. Lọ́dún tó kọjá, apẹ̀rẹ̀ mẹ́jọ ni ẹ̀yìnkùlé náà so. Lọ́dún yìí, kí òjò àkọ́kọ́ tó kán, mo ti ká mọ́kànlá àti ààbọ̀.